Àsọtẹ́lẹ̀ Òjò láti Thamesmead

Oòrùn kan wà ní London tí kì í ṣe oòrùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń palẹ̀ mọ́ láti máa bọ̀ má bàa ṣe irú ohun tí mo ṣe. Oṣù kẹwàá ni mo dé. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni mo fi ń wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù bí àlùbọ́sà, tí ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí mo sì ń bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin, mo ṣí kọ́tìnì yàrá mi ní Abbey Wood, mo rí oòrùn tó ń tàn yanran sórí gbogbo òrùlé. Háà! Mo pariwo Halelúyà. Mo wọ ẹ̀wù àǹkárá kan tí kò lápá, mo ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó di ọjà Woolwich.

Kí n tó dé ibi tí mo ti máa wọ bọ́ọ̀sì, ara mi ti ń gbọ̀n, eyín mi ń kọ lu ara wọn. Mo rò pé ibà ni. Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó fi Yorùbá bi mí pé, “Sister, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?” Mo ní rárá o, ó ti pé oṣù mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn.”

Nígbà tí mo padà délé, Auntie Ṣadé ń dúró dè mí pẹ̀lú tíì gbígbóná. Àwọn ló ni ilé tí mo háyà yàrá nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà ní London, wọ́n ń gbálẹ̀ ilé ìwé láàárọ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun sì ni wọ́n, tí wọ́n máa ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà máa ń tẹ̀ lé wọn lọ.

“Ta ló sọ fún ọ pé oòrùn nìyẹn?” ni wọ́n bi mí. “Iná ni wọ́n tàn. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni. O ò wo fóònù rẹ kó o tó jáde? Lọ́dọ̀ tiwa, ojú ọ̀run là ń wò. Níbí, fóònù là ń wò.”

Ká ní bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, wọn ì bá fi ẹ̀rín pa ara wọn. Àgbẹ̀ ni Bàbá, ní ìlú wa ní Òkè-Ògùn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ báyìí, wọ́n á fi imú fà á, wọ́n á ní òjò ò ní kọjá ọ̀la, òjò náà ò sì ní kọjá ọ̀la. Èmi ni àbíkẹ́yìn wọn, èmi nìkan sì ni oko wù nínú àwa mẹ́rin. Olùkọ́ ni mí lọ́jọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, ẹ̀yìn Bàbá ni ẹ ó ti rí mi pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo ti ríṣẹ́ ní London, pé màá máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Àwọn àgbàlagbà tìrẹ ńkọ́?”

Wọn ò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, wọ́n ti gba oko lọ kí n tó jí.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń pe ilé. Màámi ló ń gbé e. A ó kíra, a ó kí ará ilé, a ó kí adìyẹ pàápàá. Lẹ́yìn wọn, màá máa gbọ́ rédíò Bàbá, màá máa gbọ́ tí Bàbá ń wúkọ́ gbùhù. Màá ní, “Ẹ bá mi kí Bàbá o.” Màámi á ní, “Wọ́n ti gbọ́.” Ó parí. Oṣù méje la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òtútù ló ń pa èèyàn ní ìlú òyìnbó. Ikọ́ tí èèyàn ń gbọ́ lórí fóònù, tí ẹni tó ń wú u kò fẹ́ sọ̀rọ̀, òun ló dùn mí jù.

Àgbàlagbà tí mo kọ́kọ́ ń tọ́jú ni Daddy Stan, ní South Thamesmead, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí adágún. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ìyàwó wọn ti kú, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dáadáa mọ́. Orí odò Thames ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Good morning, Daddy.” Wọ́n bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Wọ́n ní àwọn ò bímọ kankan. Àwọn náà wá ń pè mí ní lọ́ọ̀fù, “love” ti àwọn òyìnbó. “Lọ́ọ̀fù, bá mi gbé ṣíbí.” “Ẹ ṣé, lọ́ọ̀fù.” Nígbà tí mo dé ilé, mo sọ fún Auntie Ṣadé pé bàbá òyìnbó yìí ti ń kọ ẹnu ìfẹ́ sí mi o. Auntie Ṣadé rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí wọn lára. Wọ́n ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì pàápàá ń pe àwọn bẹ́ẹ̀, ṣé kí àwọn gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Daddy Stan máa ń bá èèyàn sọ: ojú ọjọ́. Òjò máa rọ̀. Òjò ò rọ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti apá Belvedere. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ni, títí mo fi rò ó wò dáadáa. Àwa ńkọ́? Ta ló ń kí èèyàn pé ẹ kú òjò, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn? Àwa náà ni! Nígbà tí mo rí i pé nǹkan kan náà là ń ṣe, ara mi balẹ̀ nínú ilé yẹn. Mo kọ́ wọn ní “ẹ kú òtútù”. Wọ́n ń pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ tí mo bá ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ni mo ń gbọ́ ọ láti inú yàrá, “Ẹ kú òtútù, lọ́ọ̀fù!” Ẹni tó bá ti wà níbi tí kò sẹ́ni tó ń kí i á mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún mi.

Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé wọn tí koríko ti bò. Wọ́n ní tó bá wù mí kí n máa lò ó. Tó bá wù mí kẹ̀? Mo ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ata ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Woolwich, mo gbìn wọ́n sínú ike áísìkirímù lójú fèrèsé yàrá mi. Wọ́n hù, wọ́n yọ ewé. Ó ku kí n lọ́ wọn gbìn sí ẹ̀yìnkùlé Daddy Stan.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Nílé, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, òjò kan ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀ tí ilẹ̀ á ta òórùn sókè. Àkọ́rọ̀ òjò nìyẹn, ó sì ń pe àgbẹ̀ pé ó ti yá. Ní òpin oṣù kẹrin yẹn, a rí bí ọjọ́ mẹ́wàá tí òjò ò rọ̀, èyí tó jẹ́ ìyanu. Lẹ́yìn náà ni ó wá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀ Thamesmead ta òórùn bíi ti oko Bàbá gan-an. Imú mi tàn mí jẹ. Mo ní àkọ́rọ̀ ti dé. Mo kó ata àti tẹ̀tẹ̀, mo lọ́ wọn sílẹ̀. Daddy Stan ń kan gíláàsì fèrèsé gbàgbàgbà láti inú ilé, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní a kì í gbin nǹkan síta níbí títí oṣù karùn-ún á fi parí. Nínú ọkàn mi, mo ní, ‘Òyìnbó, kí lẹ mọ̀ nípa tẹ̀tẹ̀?’

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo débẹ̀, mo rí ilẹ̀ funfun báláú, mo rò pé ẹnì kan da iyọ̀ sí i. Ìrì dídì ni. Ata mi dúdú, ó rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Tẹ̀tẹ̀ kò ku ẹyọ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ata nìkan.

Ní Àìkú yẹn, mo ń ròyìn ẹ̀ fún Màámi, tí wọ́n ń ṣe “yéè, pẹ̀lẹ́ ọmọ mi”, ni ohùn kan bá dún lẹ́yìn wọn: “Ta ló ní kó gbin ata sínú òtútù?”

Mo tẹ fóònù mọ́ etí. Mo ní, “Màámi, ṣé Bàbá nìyẹn?”

Màámi ní, “Wọn ò bá ọ sọ̀rọ̀ o. Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni kí n gbìn ín.”

Mo gbọ́ Bàbá. Wọ́n ní, “Sọ fún un kó bi àwọn onílẹ̀. Àjèjì kì í mọ ìgbà òjò onílùú.” Màámi tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni pé etí mi di.

Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá Màámi sọ̀rọ̀ nípa mi, sókè ketekete, kí n lè gbọ́. Mo wá ń wá ìbéèrè kiri. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń jẹ ewé báyìí. Ẹ bi wọ́n pé ṣé eérú dára fún un. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni mo ti mọ̀ láti kékeré, ta ló kàn? Ohùn wọn ni mo fẹ́.

Nígbà tí oṣù karùn-ún fẹ́ parí, Daddy Stan pè mí kí n wá gbọ́ rédíò. Wọ́n ń sọ bí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ṣe máa rí: oòrùn máa mú, òjò ò ní fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Daddy Stan na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní, “Ó yá.” Mo lọ́ ata tuntun lọ́jọ́ náà, kò sí ẹyọ kan tó kú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Màámi sọ fún mi pé òjò kọ̀ nílé. Ó ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù kẹta, ó sì tún ti gbàgbé wọn. Irúgbìn àgbàdo Bàbá ṣì wà nínú àpò. Èmi náà, tí mo ti di ọmọ ìlú òyìnbó, mo mú fóònù, mo tẹ orúkọ ìlú wa sí i lábẹ́ Abbey Wood. Ojú ọ̀run méjì wà lọ́wọ́ mi. Ó ní òjò á rọ̀ nílé lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà oòrùn, oòrùn, oòrùn, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Mo sọ fún Màámi pé, “Àsọtẹ́lẹ̀ ní òjò á rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kí Bàbá má tíì gbìn o. Ọ̀dá máa tún dá.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó kó bá mi: àsọtẹ́lẹ̀. Ohun tí rédíò ń sọ nípa òjò, àsọtẹ́lẹ̀ ni. Ohun tí wòlíì ń rí nínú ẹ̀mí, àsọtẹ́lẹ̀ náà ni. Màámi mọ̀ pé ilé aláṣọ funfun ni mò ń gbé, wọ́n sì mọ̀ pé mò ń bá wọn lọ síbi ìsìn. Wọ́n dà á rò, wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ kiri àdúgbò pé mo rí ìran òjò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òjò rọ̀ nílé bí ẹni pé mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Ní àárọ̀ Sátidé, fóònù mi ò sinmi. Ìyá Ṣọlá, tó múlé ti ilé wa, ló kọ́kọ́ pè. “Wòlíì obìnrin! Ẹ̀mí tó ń lò ọ́ ò ní kúrò lára rẹ. Jọ̀ọ́, bá mi wo ọ̀rọ̀ físà Ṣọlá.” Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan tó ń wá ọkọ, ẹnì kan tó ń wá ewúrẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Auntie Ṣadé, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn nítorí ẹ̀rín. “Èmi tí mo ti ń gbààwẹ̀ láti ogún ọdún, n ò rí ìran kankan! Ìwọ tó o máa ń sùn nídìí ìwàásù ni wọ́n sọ di wòlíì!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dúró lọ́jọ́ Àìkú.

“Gbogbo ayé ti gbin àgbàdo,” ni Màámi wí. “Bàbá rẹ nìkan ló jókòó ti àpò irúgbìn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ní kí àwọn má gbìn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣẹlẹ́yà.”

“Màámi, kì í ṣe ìran o. Fóònù ni mo wò.”

“Fóònù?”

“Fóònù ni, Màámi.”

“Kì í ṣe Ọlọ́run?” Wọ́n wá ní, “Mò ń bọ̀,” wọ́n sì gé e.

Ní ọjọ́ Ajé, mo bi Daddy Stan bóyá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè mọ òjò ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, bóyá. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ọfà ló ń ta nínú òkùnkùn. Wọ́n ní, “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òjò ń rọ̀ ní Belvedere. Belvedere rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ẹ̀kán omi kan ò sí níbẹ̀. Báwo ló ṣe máa mọ ti ilẹ̀ yín?”

Ẹ wá wo Thamesmead lọ́sẹ̀ yẹn! Oòrùn tòótọ́ ti dé. Àwọn òyìnbó na ara sílẹ̀ sórí koríko létí adágún pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, àwọn ọmọ wa ń gun kẹ̀kẹ́, ẹni tí kò kí mi láti oṣù kẹwàá ń kí mi. Daddy Stan ní kí n gbé àga wọn síta, wọ́n fi fìlà bojú, wọ́n ní, “Ẹ kú oòrùn!” láìjẹ́ pé mo rán wọn létí. Nígbàkigbà mìíràn, mi ì bá jó. Mo jókòó tì wọ́n, ọkàn mi wà ní Òkè-Ògùn. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé èèyàn lè wà nínú oòrùn ìlú kan kí òjò ìlú mìíràn máa pa á.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo máa gbàdúrà fún. Tí n bá ní kí ọ̀dá dá, kí ọ̀rọ̀ Bàbá lè jóòótọ́, àgbàdo Ìyá Ṣọlá àti ti gbogbo àdúgbò á jóná. Tí n bá ní kí òjò rọ̀, Bàbá ti pẹ́ lẹ́yìn, ẹ̀sín á dé, èmi ni mo sì fà á. Ẹni tó fi oṣù méje bínú nítorí pé mo rìnrìn àjò, ọdún mélòó ló máa fi bínú nítorí èyí? Mo kàn ní, “Ọlọ́run, Ìwọ náà mọ̀ ọ́n,” mo dìde.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń lọ ra búrẹ́dì àti mílíìkì fún Daddy Stan ní Thamesmead Town Centre, fóònù mi bá dún. Nọ́ńbà Bàbá ni. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní, wọn kì í sì í fi pe ẹnikẹ́ni. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan ti kú.

“Ẹ káàsán, Bàbá.”

Wọ́n wúkọ́. “Òjò rọ̀ o.”

“Òjò?”

“Láti àárọ̀. Ó ṣì ń rọ̀ báyìí.” Mo ń gbọ́ ọ lóòótọ́ lórí páànù. “Àgbàdo àwọn ará ibí ti gbé orí. Kò sí èyí tó kú.”

Ọjọ́ márùn-ún péré ni ọ̀dá náà fi dá nínú mẹ́wàá tí mo sọ. Omijé bọ́ lójú mi nínú bọ́ọ̀sì. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ìran ni mo rí, fóònù ni mo wò, Màámi ló ṣì mí gbọ́.”

“Mo mọ̀. Ìyá rẹ sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ Àìkú, ẹ ò sì gbìn?”

“Kó tó sọ ọ́ ni mo ti mọ̀. Ìwọ? Wòlíì?” Bàbá rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé pé báyìí ni ẹ̀rín wọn ṣe ń dún.

“Kí ló wá dé tí ẹ fi dúró, Bàbá?”

Wọ́n tún wúkọ́. Wọ́n wá ní, “Lọ́dọọdún, èmi àti ìwọ la jọ ń wo ojú ọ̀run ká tó gbìn. O ní kí n dúró. Ṣé kí n wá dá a ṣe ni?”

Obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na tíṣù sí mi, mo fi nu ojú.

“Màá gbìn lọ́la,” ni Bàbá wí. “Ó máa pẹ́ ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n a ó jẹ ẹ́. Kí ni fóònù yẹn sọ nípa ọ̀la?”

“Bàbá, irọ́ ló ń pa.”

“Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Kí ló wí?”

Mo wò ó. Ó ní oòrùn. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín, nítorí bí òjò yẹn ṣe ń lu páànù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ mi.

“Ó dáa. Lọ́la, kó o tún wò ó, kó o pè mí,” ni wọ́n wí. “Èmi ni kó o pè o. Kì í ṣe ìyá rẹ.”